Bàbá Àwọn Èkúté Ilé Ìtànṣán

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọlá ṣe ń gun ènìyàn tó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ aṣọ rẹ̀. Hàwáwù ló ń fọ aṣọ Abdulganiyu Bádéjọ ní Kabala Doki, nínú ìlú Kaduna, òun náà sì ni aya rẹ̀. Nínú oòrùn tí aláǹgbá fi ń wá ibòji, ọkọ rẹ̀ á wọ agbádá, á gbé kóòtù funfun àwọn dókítà lé e, á wá dé fìlà abetí-ajá sí i. Kóòtù wà fún ìmọ̀, agbádá wà fún ọlá, fìlà sì wà fún ẹni tí kò bá rí méjì yòókù láti òkèèrè. Hàwáwù a máa sọ fún àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń pọnmi pé, "Ọkọ tèmi kò pọ̀, aṣọ rẹ̀ ló pọ̀."

Wolé-wolé ni Abdulganiyu tẹ́lẹ̀. Òun ló fọ́ ìkòkò omi opó kan ní Badarawa nítorí pé tanwíji inú rẹ̀ wò ó lójú láìkí i. Bóyá orí iṣẹ́ yẹn ni ì bá kú sí, kí ilé ayé má sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí a gba òmìnira, kí òmìnira gan-an tó dé, àwọn Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku láti apá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bo òrùlé páànù Kaduna, àwọn aboyún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn bo imú. Wọ́n ní ìtànṣán láti ara bọ́ǹbù náà wà nínú eruku, nǹkan tí ojú kò rí, tó ń wọnú oyún lọ ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́.

Ìjọba ní àwọn á wádìí rẹ̀. Wọ́n wá ilé, wọ́n rí ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan lójú ọ̀nà Badarawa. Wọ́n wá ẹ̀rọ, wọ́n rí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń tan ìtànṣán wọ ara láti ya àwòrán egungun, tí ilé ìwòsàn kan ti pa tì. Wọ́n fi rélùwéè kó èkúté funfun wá láti gúúsù. Ọ̀gá nìkan ni wọn kò wá. Abdulganiyu ti dúró níwájú ilé náà kí wọ́n tó kùn ún tán.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n á gbé àwọn èkúté kan tó lóyún sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á tan ìtànṣán sí wọn lára. Wọ́n á fi àwọn aboyún mìíràn sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n. Bí gbogbo wọn bá bímọ tán, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà, wọ́n á sì ka hóró pupa tó ń gbé èémí kiri ara, àti hóró funfun tó ń bá àìsàn jà. Bí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ìtànṣán bá nínú ìyá wọn bá kéré sí ti àwọn yòókù, a jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ̀rù ń ba àwọn aboyún Kaduna. Ẹni tó bá lè ṣa ẹ̀wà á yé e. Abdulganiyu lóye rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti pe òun ní ọ̀gá, ó sì dúró síbẹ̀.

Kò sí ẹni tó fún un ní oyè, nítorí náà ó fún ara rẹ̀. Kàmọ́rù, akọ̀wé rẹ̀, ló máa ń ké e kí ọ̀gá tó wọlé: "Rankadédé! Ẹ dìde! Ọ̀gá Pátápátá fún Ìtànṣán, fún Ẹ̀jẹ̀, àti fún Gbogbo Ohun Tí Ojú Kò Rí ń bọ̀!" Àwọn èkúté nìkan ni wọn kì í dìde. Kàmọ́rù ń ké oyè yìí bí ọ̀gá bá ń wọ ọ́fíìsì, ó ń ké e bí ó bá ń jáde, ó sì ti di ìgbà tó ń ké e bí ọ̀gá bá ń lọ sí ṣálángá. Ẹ má dá Kàmọ́rù lẹ́bi. Ó ní ìyàwó, ìyàwó náà sì lóyún, ẹni tó bá dákẹ́ nílé iṣẹ́ yẹn kì í pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tí ìtànṣán bá nínú ìyá wọn pé ọjọ́ kẹjọ, Abdulganiyu ní òun máa sọ wọ́n lórúkọ. Hàwáwù rò pé ó ń ṣàwàdà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"O ń rẹ́rìn-ín," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ó dáa. Bí o bá rẹ́rìn-ín tán, lọ rẹ ẹ̀wà àkàrà kósè."

Àlùfáà tí wọ́n ránṣẹ́ sí ní ara òun kò yá. Ara rẹ̀ yá fún ìkómọ mìíràn ní òpópónà kejì ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìyàwó Ìlọrin, àwọn obìnrin ìlú Hàwáwù tó wà ní Kaduna, wá, nítorí pé ẹgbẹ́ yẹn kì í kọ ìpè. Ìyá Zuwera, tó ń ta ata ní ọjà, ni olórí wọn. Òfin kan ṣoṣo ló mú ẹgbẹ́ náà dúró: bí o bá jẹ kósè ìkómọ ẹnì kan, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, ìwọ náà á wá jókòó tì í. Wọ́n gbé ọṣẹ wá, wọ́n gbé àwo wá, wọ́n jókòó yí àgò èkúté ká bí ẹni jókòó yí ìyá ìkókó ká.

Abdulganiyu dìde. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní:

"Ẹ̀yin ará Kaduna! Ẹ̀yin ará Àríwá! Ẹ̀yin ayé tí ẹ ń gbọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń sùn! Láti òní lọ, àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí kì í ṣe èkúté mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n! Èmi ni bàbá wọn. Ẹni tó bá rí wọn, èmi ló rí. Ẹni tó bá bú wọn, èmi ló bú. Ọ̀rọ̀ burúkú nípa àwọn ọmọ mi kò sì gbọdọ̀ dé etí mi láé!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sọ́kàn. Òun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ìyá Zuwera na ọrùn wo inú àgò. "Alhaji," ló wí, "imú yín gan-an ni wọ́n mú."

Abdulganiyu kò tíì dé Mékà, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà rí nítorí Alhaji. Ó fọwọ́ kan imú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó sọ ọ̀kan ní Òmìnira, ó sọ ọ̀kan ní Ìtẹ̀síwájú. Èyí tó kéré jù ni ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè: Ganiyu Kékeré. Ó ní kí wọ́n so àkísà pupa mọ́ àgò àwọn ọmọ òun, kí wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ọ́fíìsì, kí òun lè máa kí wọn láràárọ̀. Àgò àwọn tí kò rí ìtànṣán, tí wọ́n so àkísà funfun mọ́, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé, nítorí pé wọn kò ní bàbá.

Ganiyu Kékeré ló kọ́kọ́ kú.

Jimoh, àgbàlagbà ará Ìlọrin tó ń bọ́ àwọn èkúté, ló bá a lórí koríko ní òwúrọ̀. Ara rẹ̀ ti tutù, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹfun. Jimoh gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ronú. Bí ó bá jẹ́ èkúté lásán ni, ì bá wọlé lọ sọ pé èkúté kú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kó jáde lójú gbogbo ayé ni, bàbá rẹ̀ sì wà láàyè. Nínú ilé tí Jimoh ti dàgbà, wọn kì í la ikú ọmọ mọ́ bàbá rẹ̀ lójú. Wọn kì í jẹ́ kí ó rí òkú náà, wọn kì í sì fi ojú oórì hàn án. Ó gbẹ́ ihò kékeré sábẹ́ igi gúróbà lẹ́yìn ilé, ó bo ọmọ náà mọ́lẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó wá wọ ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀.

"Alhaji, Ganiyu Kékeré rìnrìn àjò."

Abdulganiyu ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Láìgbàṣẹ? Kí ó ti dé kí n tó jẹun ọ̀sán."

Kí ni ẹ fẹ́ kí Jimoh ṣe? Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó mú ọmọ kan tó sanra nínú àgò alákìísà funfun, ó fi í sínú ti pupa. "Ó ti dé, Alhaji."

"Hẹn! Wò ó bí ìrìn àjò náà ti bá a lára mu!"

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ Abdulganiyu kò sinmi ìrìn àjò. Bí ọ̀kan bá kú, Jimoh á sin ín, á sì fi èyí tó sanra rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, tí ó ń gbọ̀n, tí etí rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀, á gbé e lọ sínú àgò funfun lẹ́yìn ilé, nítorí pé kò dára kí bàbá máa rí ìnira ọmọ rẹ̀. Jimoh kò purọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ọmọlúàbí ló ń ṣe.

Emmanuel, tó ń ka hóró ẹ̀jẹ̀, gba ẹ̀jẹ̀ láti inú àgò pupa, ó kà á. Ó gbà láti inú àgò funfun, ó ka ìyẹn náà. Ó rí i pé àwọn ọmọ ìtànṣán kún fún ẹ̀jẹ̀ bí màlúù, àwọn tí kò rí ìtànṣán rí sì ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ń kú lọ. Ó fẹ́ sọ pé ó jọ òun lójú. Ó wo kóòtù, ó wo agbádá, ó wo fìlà. "Ẹ kú oríire, sà," ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Abdulganiyu ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ó ní ìtànṣán ń bọ́ ọmọ inú. Ó ní eruku ọyẹ́ tí àwọn aboyún ń sá fún, oore ni. Ó pàṣẹ pé kí aboyún má fi ìborùn bo imú mọ́, kí wọ́n jáde láàárọ̀ kí wọ́n ya ẹnu sí afẹ́fẹ́. Ìyàwó Kàmọ́rù ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan, ó hú ikọ́ títí gbogbo àdúgbò fi ń kí i kú ìrọ́jú. Abdulganiyu gbọ́ ikọ́ náà láti ojú fèrèsé. "Ọmọ inú rẹ̀ ló ń gba agbára wọlé," ló wí.

Ṣùgbọ́n kí ni èyí jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó sọ fún Hàwáwù nídìí oúnjẹ?

Hàwáwù lóyún. Ẹ má gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Oyún tó wá tó sì lọ lára obìnrin yìí ju èyí tó fẹ́ rántí lọ. Èyí nìkan ló dúró dé ìgbà tó ń tàpá. Kì í gbé garawa tó kún mọ́, kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin sínú aṣọ.

Ó gbé tùwó àti ọbẹ̀ kúkà síwájú ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Abdulganiyu bu òkèlè, ó ní, "Mallam Àúdù ń bọ̀."

"Ta ni Mallam Àúdù?"

"O ò mọ Mallam Àúdù! Akọ̀wé Àgbà tó wà lókè gbogbo wa. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ máa wo bí ẹ̀rọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ fi aboyún hàn wọ́n, kì í ṣe èkúté mọ́. Ìwọ ni mo fi ọlá náà fún. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó Kàmọ́rù ló tẹ̀lé ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn aboyún Badarawa á tò."

Hàwáwù fọwọ́ bo ikùn. "Alhaji, ẹ̀rọ yẹn? Sí inú yìí?"

"Ọmọ tó máa ní ẹ̀jẹ̀ ju gbogbo ọmọ Kaduna lọ! Ẹran kò sí nínú ọbẹ̀ yìí?"

Ẹran wà níbẹ̀. Abdulganiyu ni kò wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, Hàwáwù di wàrà sínú ewé, ó gba ọ̀dọ̀ Jimoh lọ. Àwọn obìnrin mọ̀ pé bí ẹ bá fẹ́ mọ ìròyìn ilé, ẹ wá ẹni tó ń bọ́ àwọn ará ibẹ̀. Jimoh rí i, ó tẹríba.

"Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú."

"Bàbá Jimoh, ṣé èmi ni mo bí èkúté?"

Jimoh ronú sí i. "Ọkọ yín ni bàbá wọn. Mi ò lè sọ̀rọ̀ wọn níwájú ìyá."

"Wallahi, mi ò bí wọn! Mi ò fún wọn lọ́mú! Ẹ jẹ wàrà yìí, kí ẹ sì bá mi sọ̀rọ̀ bí àjòjì."

Bí ó ti di àjòjì báyìí, Jimoh mú un lọ sábẹ́ igi gúróbà. Ó rí àwọn òkìtì kéékèèké, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ dé ìdí ọgbà, kò sí èyí tó ga ju àtàǹpàkò lọ. Jimoh ń sọ fún un bí ara wọn ṣe ń tutù, bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ṣe ń funfun, bí ó ṣe jẹ́ pé àwọn tí ìyá wọn sún mọ́ ìbímọ kí wọ́n tó gbé wọn sábẹ́ ẹ̀rọ ni kò fẹ́ dúró rárá. Hàwáwù jókòó sílẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ tàpá. Òun náà ti sún mọ́ ìbímọ.

"Ẹ lọ sọ fún un," ló wí.

"Èmi? Kí n lọ túfọ̀ fún bàbá ọmọ? Àwọn baba mi á dìde nínú sàréè."

"Bàbá Jimoh, ọmọ mi ni o!"

Omi lé sójú Jimoh, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó mi orí. Hàwáwù lọ bá Emmanuel. Emmanuel ní ohun tí wọ́n bá gbé síwájú òun lòun ń kà. Ó lọ bá Kàmọ́rù. Kàmọ́rù ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ̀gá.

Nígbà tó kù òun nìkan, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìfi ohunkóhun bò. Abdulganiyu dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mú un lọ́wọ́ dé ilé iṣẹ́, ó pe Jimoh síwájú.

"Jimoh! Obìnrin yìí ní àwọn ọmọ mi ń kú. Ǹjẹ́ ọmọ mi kankan kú?"

Jimoh dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ, Alhaji! Gbogbo wọn ló ń kí yín."

"Ṣé o gbọ́?" ni Abdulganiyu wí fún aya rẹ̀. "Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Ìmọ̀ kì í bẹ̀rù."

Hàwáwù lè sá lọ Ìlọrin. Ó rò ó, ó tilẹ̀ ti di ẹrù. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ikọ́ ìyàwó Kàmọ́rù láti ẹ̀yìn ògiri, ó sì mọ̀ pé bí òun bá wọ rélùwéè, obìnrin yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì. Ó tú ẹrù náà. Ó bo ìborùn rẹ̀, ó forí lé ọjà, ó gbà dé ìsọ̀ Ìyá Zuwera.

"Ìyá, kósè tí ẹ jẹ nílé wa, ṣé ó dùn?"

"Ó dùn. Kí ló dé?"

"Àwọn ọmọ náà ti kú."

Ìyá Zuwera gbé ata tó ń wọ̀n sílẹ̀. "Inná lilláhi. Èkúté yẹn?"

"Gbogbo wọn. Gbogbo èyí tí ìyá wọn sùn sábẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá wọn kò mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ fún un. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n fẹ́ gbé èmi náà síbẹ̀."

Ìyá Zuwera wo ikùn rẹ̀. Òun náà ti sin ọmọ rí. Ó ní, "Lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè túfọ̀ fún bàbá ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí á má kí i kú ọ̀fọ̀? Ọmọ mi, lọ sinmi."

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Wọ́n ta ibòji síwájú Ilé Ìtànṣán. Wọ́n fi dàmáàsìkì bo ẹ̀rọ náà bí ìyàwó tuntun, wọ́n sì gbé tábìlì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Hàwáwù wà lórí tábìlì náà nínú aṣọ tó gbówó lórí jù nínú àpótí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ikùn. Mallam Àúdù jókòó níwájú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ìlọrin, tí kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò yé e. Àwọn dókítà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kàmọ́rù ti ké oyè títí ohùn rẹ̀ fi há.

Abdulganiyu ń sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a dá oòrùn, èyí tó pè ní ẹ̀rọ ìtànṣán àkọ́kọ́, ó sì ń bọ̀ wá sórí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Oòrùn kò ní olùdarí," ló wí. "Àbùkù rẹ̀ nìyẹn! Ẹ̀rọ yìí ní olùdarí!" Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí nǹkan tí wọ́n fi ń tan án nígbà tí ẹgbẹ́ ìyàwó Ìlọrin yọ láti ọ̀nà Badarawa.

Wọn kò wọ aṣọ ayẹyẹ. Wọ́n fi ìborùn dúdú bo orí, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú ọ̀gá, wọ́n jókòó, gbogbo wọn mí kanlẹ̀.

"Alhaji," ni Ìyá Zuwera wí, "ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Abdulganiyu rò pé ìyìn ni wọ́n wá yìn ín. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá sọ fún un ló máa ń gbọ́ bí ìyìn. "Ẹ ṣé, ẹ ṣé! Àwa náà la fi òógùn ṣe é."

"Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á rí irú rẹ̀ mọ́."

"Háábà! A ó tún rí i! Lọ́dọọdún ni a ó máa rí i! A máa ṣe é dé Sókótó!"

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́kún gidi, nítorí pé àánú bàbá tí ọ̀fọ̀ ti yí lórí ṣe é.

Mallam Àúdù dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ta ló kú?"

"Àwọn ọmọ rẹ̀ ni, Mallam. A jẹ kósè ìkómọ wọn, ó tọ́ kí á wá. Gbogbo àwọn tí ìyá wọn sùn síbi tí ìyàwó rẹ̀ sùn sí yìí."

Abdulganiyu rẹ́rìn-ín, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹlòmíràn bá a rẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù ń wo ìyàwó tirẹ̀ tó jókòó sórí àga kejì, tó ń dúró de àyè rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń bọ́ àwọn èkúté?" ni Mallam Àúdù béèrè.

Jimoh bọ́ síwájú. "Rankadédé, mi ò lè sọ ọ́ níbi tí bàbá wọn jókòó sí."

"To. Wá sọ ọ́ sí mi létí."

Jimoh sọ ọ́ sí i létí. Ó pẹ́. Mallam Àúdù ń mi orí, àwọn dókítà méjèèjì sì súnmọ́ ọn títí orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pàdé. "Ẹ mú wa lọ," ni Akọ̀wé Àgbà wí.

Gbogbo ayé dìde, wọ́n tẹ̀lé Jimoh sẹ́yìn ilé. Hàwáwù fa ara rẹ̀ sókè lórí tábìlì, Ìyá Zuwera dì í mú, ó sọ̀kalẹ̀. Abdulganiyu ṣáájú wọn, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé igun ilé, Jimoh yí padà, ó na apá méjèèjì dí ọ̀nà mọ́ ọn.

"Alhaji, ẹ má bọ̀. Ojú yín kò gbọdọ̀ rí ibẹ̀."

"Kúrò lọ́nà!"

"Ẹ pa mí ná. Bàbá kì í dé ojú oórì ọmọ rẹ̀."

Gbogbo obìnrin Ìlọrin pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ má jẹ́ kí ó débẹ̀! Ẹ dì í mú o!" Wọ́n yí i ká, wọ́n ń tù ú nínú, wọ́n ń fi ìborùn fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lójú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé dókítà rí i, akọ̀wé rí i, àwọn awakọ̀ rí i, àwọn aboyún Badarawa tó ń dúró láti tò náà rí i; Ọ̀gá Pátápátá fún Gbogbo Ohun Tí Ojú Kò Rí nìkan ló dúró lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò rí i.

Mallam Àúdù padà dé, ó ń gbọn eruku dànù lọ́wọ́. Kò pariwo. "Bádéjọ," ló wí, láìsí Alhaji, láìsí oyè kankan, "ìyàwó rẹ lo fẹ́ gbé síbẹ̀?"

Abdulganiyu ṣí fìlà abetí-ajá kúrò lórí.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ náà ní ọ̀sán yẹn. Emmanuel tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe lábẹ́ dókítà kan, àkísà kọ̀ọ̀kan sì wà lára àgò tó yẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ìtànṣán bá nínú ìyá wọn kéré, pupa àti funfun, bí ó ti yẹ kí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n dá Abdulganiyu padà sí iṣẹ́ wolé-wolé, ní ọ̀nà Kamazou, níbi tí àwọn ìkòkò omi jìnnà síra wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Hàwáwù kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Abdulganiyu gbé àwo náà padà sí ìdáná fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ohun tí ó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Ǹjẹ́ ó ṣì ń tàpá?" ló béèrè.

"Ó ń tàpá," ni Hàwáwù wí.

Nígbà tí àkókò rẹ̀ tó, wọ́n gbé Hàwáwù lọ sí ilé ìwòsàn. Abdulganiyu jókòó lórí bẹ́ǹṣì lóde láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí. Patience, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, jáde sí i, ó ń nu ọwọ́.

"Oga, obìnrin ni. Mama well, pikin well."

Abdulganiyu dìde. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ẹ jọ̀ọ́. Báwo ló ṣe rí?"

Patience wò ó bóyá orí rẹ̀ pé. Ó rí i pé ọkùnrin náà ń sunkún. Ó mú un wọlé, ó tú aṣọ lára ọmọ náà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré hàn án. Ó pọ́n bí osùn.

Hàwáwù la ojú lórí ibùsùn. Ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá gbọ́ ọ. "Bàbá ọmọ, ẹ gbé e. Ẹni tó máa gbé e ló ń wá."

Ó na apá. Ọmọ náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ó la ẹnu gbàgà, ó ké igbe tó gba àárín àwọn ibùsùn kọjá bọ́ sóde. Ó sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ, ó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Abdulganiyu Bádéjọ dúró, ó ń fetí sílẹ̀, kò sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.